Daytona USA lórí Sega Saturn: ọwọ́ gbádùn, ojú kò ríran jìnnà

Bí ẹ bá yà sí ilé géèmù kan ní Magboro lónìí, bọ́ọ̀lù lẹ máa bá lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò burú. Àmọ́ géèmù ọkọ̀ kan wà tó ti lé ní ọdún 30, tí mo fẹ́ ká tú wò bí mẹkáníìkì ṣe ń tú ẹ́ńjìnì: Daytona USA, ẹ̀dà ti Sega Saturn. Ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí, físíìsì ló wà nídìí méjèèjì. Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù sì kan gbogbo ẹni tó ń gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lálẹ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní stock car?

Ọkọ̀ ìdíje ni, tí wọ́n ṣe kó jọ ọkọ̀ tí èèyàn lè rà fi lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. NASCAR tó ń darí ìdíje wọn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Pápá wọn tó lókìkí jù wà ní Daytona, ní ìpínlẹ̀ Florida. 1959 ni wọ́n ṣí i. Sega gbé géèmù náà jáde ní 1994 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ńlá tó ní àga àti sítíárì, irú èyí tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí kó tó ṣiṣẹ́. Toshihiro Nagoshi ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Nígbà tó di 1995, wọ́n gbé e wá sórí Saturn, kí èèyàn lè máa ṣe é nílé.

Ohun tó ṣe dáadáa

Àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà ní ìwúwo lọ́wọ́. Jíà mẹ́rin ló ní. Tí ẹ bá ń sáré bọ̀ ní jíà kẹrin, tí ẹ já a wálẹ̀ sí èkejì lẹ́nu kọ́nà, ìdí ọkọ̀ á yọ̀ síta, ẹ ó sì máa fi sítíárì mú un padà. Kì í ṣe idán o. Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì stock car ń yí. Tí jíà bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ́ńjìnì á di bíréèkì fún táyà ẹ̀yìn, ìwúwo ọkọ̀ á sì rọ́ síwájú. Táyà ẹ̀yìn á wá fúyẹ́, kò ní lè di títì mú mọ́, ló bá yọ̀. Àwọn tó ṣe géèmù náà bù mọ́ ọn kó lè dùn, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Èkejì ni títì tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ tó bá ń yí kọ́nà nílò agbára tó máa tì í sí inú kọ́nà. Lórí títì pẹrẹsẹ, táyà nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní pápá Daytona gangan, wọ́n gbé etí títì sókè ní ìwọ̀n dígírì 31, nítorí náà títì fúnra rẹ̀ ń bá táyà tì. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: tí a bá fi kọ́nà náà sí nǹkan bíi mítà 300 láti àárín, ọkọ̀ lè yí i ní nǹkan bíi 150 km/h kódà bí títì bá yọ̀ bí ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè máa tẹ iná níbi tí dẹ́rẹ́bà tiwa máa ti tẹ bíréèkì. Títì tiwa kò dà tó bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ dán an wò.

Ẹ̀kẹta ni orin. Takenobu Mitsuyoshi ló ṣe é, òun náà ló sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́. Síídì ni Saturn ń lò, nítorí náà orin náà dún ketekete nílé.

Ibi tó kù sí

Ká má parọ́, ojú ni ìyà jẹ. Ẹ̀rọ ńlá ti 1994 ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Saturn kò ju nǹkan bíi 20 lọ. Ṣé 20 kò tó ni? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọkọ̀ tó ń sá 300 km/h ń rin mítà 83 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí àwòrán bá jẹ́ 60, ọkọ̀ rin mítà 1.4 kí ẹ tó rí àwòrán tó kàn. Tó bá jẹ́ 20, ó ti rin mítà 4.2, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn Corolla kan. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìyẹn, ẹ kò rí i.

Èyí tó burú jù ni pé òkè, afárá àti kọ́nà kì í hàn láti òkèèrè. Wọ́n kàn máa ń yọ lójijì níwájú yín. Ọpọlọ méjì ni Saturn ní, ìkọ̀ọ̀kan wọn ń sá ní MHz 28.6, kò sì rọrùn láti mú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ MB 2. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí ẹ ń fi fóònù yà tóbi ju ìyẹn lọ. Pẹ̀lú ọkọ̀ 40 lórí pápá àkọ́kọ́, ohun tó wà lọ́nà jíjìn ni wọ́n yọ kúrò, kí èyí tó wà nítòsí lè rí ààyè.

Pápá mẹ́ta péré ló sì wà níbẹ̀, ẹni méjì kò sì lè jọ ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Championship Circuit Edition tó jáde ní òpin 1996 tún ìyẹn ṣe, ó sì sún àwòrán dé 30, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ni kò gbádùn bí ọkọ̀ ṣe ń yí nínú rẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí wọ́n ṣì fẹ́ràn rẹ̀?

Nítorí pé tí ẹ bá yí pápá kan ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ ti há a sórí. Ọwọ́ yín mọ ibi tí kọ́nà wà kí ojú tó rí i. Ìrántí ló ń bo àṣírí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá sì forí sọ ògiri, ọkọ̀ á fò, á yí po lófurufú, á tún padà sórí táyà.

Ẹ wá gbé èyí wá sí márosẹ̀, láti Long Bridge dé Mowe, lálẹ́. Iná iwájú ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀ kì í fi ohun tó jìnnà ju nǹkan bíi mítà 40 sí 60 hàn dáadáa. Ní 100 km/h, kí dẹ́rẹ́bà tó mọ̀ pé ewu wà kó sì gbé ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ lè ti lọ: mítà 42. Bíréèkì fúnra rẹ̀ á tún gba nǹkan bíi mítà 56 lórí títì gbígbẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ mítà 100. Bí òjò bá rọ̀, ó lè di 140.

Ìyẹn ni pé dẹ́rẹ́bà náà ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó wà nínú Saturn: nǹkan ń yọ sí i lójijì, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè há tírélà tó bàjẹ́ lánàá láìtan iná sórí. Ó lè ti gba ọ̀nà yẹn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Tírélà yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ ṣe géèmù náà o, ó tọ́ sí i. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti fẹ́ ṣe ti Saturn, ẹ mọ̀ pé fóònù tó lágbára kò ní sọ 20 di 60 fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀dà tí wọ́n tún gbé jáde fún PS3 àti Xbox 360 ní 2011 ló ní 60.

Bí ẹ bá sì jókòó sínú ọkọ̀ lálẹ́, ìṣirò kan péré ni kẹ́ ẹ rántí: bí iná ọkọ̀ bá fi mítà 50 hàn, eré tí ọkọ̀ lè sá tó fi máa rí ààyè dúró lórí títì gbígbẹ kò ju nǹkan bíi 64 km/h lọ. Ẹ lè sọ ìyẹn fún dẹ́rẹ́bà.