Ẹ̀bùn Ọdún: Ojú Fóònù àti Ojú Ọjà

Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kù fẹ́ẹ́fẹ́, àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ nígboro Ìbàdàn a máa múra àtilọ sí abúlé wọn ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dà àti Ọ̀nà-Àrà. Orúkọ ọdún ẹran náà tilẹ̀ ti sọ ọ́: ilé yá. Ṣùgbọ́n a kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Aṣọ Màmá ń bẹ níbẹ̀, bàtà ọmọdé ń bẹ níbẹ̀, fóònù tí ọmọ ilé-ìwé ti ń tọrọ láti èṣí sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012, ọ̀nà ìrajà mìíràn là. Síbẹ̀ kò pa ti àtijọ́ rẹ́. Ńṣe ni olùrajà pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra fóònù yóò kọ́kọ́ wo iye rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì mú iye náà lọ fi ná ọjà ní ṣọ́ọ̀bù. Ti aṣọ yàtọ̀. Àǹkárá lè wu obìnrin lórí WhatsApp, síbẹ̀ yóò dé Gbági Tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́, nítorí àwòrán kì í sọ bí aṣọ ti nípọn tó, tàbí bí aró rẹ̀ yóò ti ṣe bí omi bá kàn án. Ọwọ́ ni a fi ń mọ èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni owó sísan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà, a máa gbé aṣọ fún àgbẹ̀ láwìn. Orúkọ wọn gan-an sọ bí wọ́n ti ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi san án. Lónìí, ọ̀pọ̀ olùtajà orí WhatsApp ni ó ń gba owó ṣáájú. Bí ẹrù kò bá dé mọ́, ta ni olùrajà yóò lóṣòó tì? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe mu padà, àmọ́ kí ni òfin yóò ṣe fún ẹni tí kò mọ ilé olùtajà?

Ẹrù pàápàá kì í sábà dé abúlé tí ilé kò ní nọ́ńbà. Mòníyà tàbí Ìyànà Ọ̀fà ni yóò dúró sí, kí ẹni tí ó ni í fi ọ̀kadà lọ gbé e. Bí ọdún bá ku ọ̀la tí kò sì tíì dé, olùrajà kì í dúró mọ́. Ọjà tí ó súnmọ́ ni yóò gbà lọ, ohun tí ó bá sì bá níbẹ̀ ni Màmá yóò rí gbà.