Kànga Epo Ń Darúgbó: Ohun Tó Kan Àwa Tí A Wà Ní Jos

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ará wa ní Ali Kazaure nígbàkígbà tí owó epo bá tún gbéra: ṣé epo rọ̀bì ti ń tán ni? Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ń béèrè, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé fíríìjì ẹja ń béèrè. Àwọn tó fẹ́ lọ sìnkú nílé náà ń béèrè, nígbà tí wọ́n bá gbọ́ iye owó ọkọ̀ láti Jos dé Ìbàdàn. Ìdáhùn wa ò gùn: rárá, epo ò tíì tán. Àmọ́ àwọn kànga tó ń mú un wá ti ń darúgbó, wọ́n sì ń darúgbó kíákíá ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ará Jos. Tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, ló kó èèyàn jọ sí ìlú yìí. (Ẹ fetí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ bó ṣe jọ "awakùsà" tiwa.) Èyí tó wà nítòsí ojú ilẹ̀, lẹ́bàá odò, ni wọ́n kọ́kọ́ wà, nítorí pé kò gba wàhálà. Bí èyí ṣe ń dín kù, ó ku ti abẹ́ àpáta dúdú, tó jìn, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ga. Nígbà tí owó kuza wá já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní oṣù kẹwàá 1985, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò lè mú un mọ́ra. Kuza ò tán nínú ilẹ̀ Plateau títí dòní, àwọn kan ṣì ń wà á. Èyí tó rọrùn, tó sì ń mówó wọlé, ló tán. Ó ku adágún omi káàkiri Bukuru, Rayfield àti Barkin Ladi.

Bí ti epo rọ̀bì náà ṣe ń lọ nìyẹn. Àwọn kan rò pé ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ bí odò, tí èèyàn á kàn máa fà á bí omi kànga. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkúta ló há sí, nínú ihò wínníwínní, bí omi ṣe ń há sínú kànrìnkàn. Ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gáàsì sì wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tú jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ lu ilẹ̀ náà. Ẹ rántí ìgò míníra tí ọmọdé gbọ̀n jìgìjìgì kó tó ṣí i: ti àkọ́kọ́ á ru, á dà sára aṣọ. Tó bá ṣe díẹ̀, ó rọlẹ̀. Bí agbára inú ilẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀ báyẹn, epo tó ń jáde á máa dín kù. Àwọn tó ń wà á á wá máa fi ẹ̀rọ ti omi tàbí gáàsì wọnú ilẹ̀ padà, kí wọ́n lè fi ti èyí tó kù jáde. Ó máa ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ tó bá yá, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá epo jáde. Ní kànga tó ti gbó dáadáa, nínú agba mẹ́wàá tó gòkè, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lè jẹ́ omi. Yíya omi yẹn sọ́tọ̀, owó ni. Ọjọ́ tí owó náà bá ju owó epo lọ, wọ́n á dí kànga náà pa, tòun ti epo tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀.

Oloibiri, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa òde òní, ni Shell ti kọ́kọ́ rí epo tó ṣeé tà ní Nàìjíríà, ní oṣù kìíní 1956. Ní 1958 wọ́n kó èyí àkọ́kọ́ lọ sókè òkun. Nígbà tó fi máa di 1978, ó parí. Gbogbo ohun tí wọ́n rí wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ogún mílíọ̀nù agba. Ayé òde òní ń jó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù agba lọ lójúmọ́, ìyẹn ni pé gbogbo epo Oloibiri ò lè gbé ayé fún wákàtí márùn-ún.

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, àjọ IEA, tó wà ní Paris, tó ń tọpa ọ̀rọ̀ epo, gáàsì àti iná mànàmáná káàkiri ayé, gbé ìwádìí kan jáde lórí ibùdó epo àti gáàsì tó tó 15,000. Wọ́n rí i pé ibùdó epo tó ti kọjá ìgbà tó lágbára jù ń pàdánù ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ti gáàsì sì jẹ́ 6.8. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀: ibi tó ń mú 100 agba wá lónìí, lẹ́yìn ọdún méjìlá, bíi 50 ló kù. Àwọn ibùdó ńlá ńlá tó wà lórí ilẹ̀ ní ìhà Saudi Arabia ń rọra dín ni, kò tó ìdá méjì lọ́dún. Àwọn kéékèèké tó wà lójú òkun Yúróòpù ń já wálẹ̀ ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti owó. Láti 2019, nínú dọ́là mẹ́wàá tí àwọn ilé iṣẹ́ ná sórí wíwa epo àti gáàsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó lọ sórí dídí àlàfo èyí tó ń dín kù. Garawa jíjò ni wọ́n ń bu omi sí. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró pátápátá, epo tó ń jáde lágbàáyé lójúmọ́ á máa fi mílíọ̀nù 5.5 agba dín kù lọ́dọọdún. Iye tí Brazil àti Norway jọ ń wà pọ̀ nìyẹn. Nàìjíríà tiwa ń wa bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀, ẹ pín in fúnra yín.

Mẹ́síkò ti jìyà ẹ̀ rí. Apẹja kan tó ń jẹ́ Rudesindo Cantarell ló rí epo tó léfòó lójú omi ibi tó ti ń pẹja. Ilé iṣẹ́ epo ìjọba wọn wá a lọ, wọ́n bá ibùdó ńlá kan pàdé níbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ apẹja náà pè é. Ní 2004, ibùdó kan ṣoṣo yìí ń mú ju mílíọ̀nù méjì agba wá lójúmọ́, ju gbogbo Nàìjíríà òde òní lọ. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi wálẹ̀ sí nǹkan tí kò tó ìdajì mílíọ̀nù.

Ó wá kan tiwa. Ní 2005, Nàìjíríà ń wa bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ agba lójúmọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, kò tó mílíọ̀nù kan mọ́. Ẹ wo ìgbà tó bọ́ sí! Ọdún yẹn gan-an ni Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, tí owó agba kan kọjá $120 ní oṣù kẹta. Ọjà ń tà wàràwàrà, igbá tiwa ṣófo.

Olè ló gba gbogbo ariwo nígbà yẹn. Ní oṣù kẹwàá 2022, NNPC kéde pé àwọn rí ọ̀pá olè kan tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin láti Forcados wọnú òkun, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́sàn-án. A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé olè wà, ó sì burú. Àmọ́ lójú tiwa, olè ti di àwáwí fún àrùn míì tí kì í pariwo: ogbó, àti àìnáwó sí i lásìkò. Ẹ wo Bonga, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ó tó 120 kìlómítà sí etíkun, omi ibẹ̀ sì jìn ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ. Olè wo ló máa gbé jálá débẹ̀? Síbẹ̀ òun náà ń gbó, ìdí nìyẹn tí Shell fi fọwọ́ sí iṣẹ́ Bonga North ní oṣù kejìlá 2024, kí epo má bàa wọ́n nínú ọkọ̀ ńlá tó ń gbà á. Ní ti orí ilẹ̀, Shell ti gbé tiẹ̀ fún Renaissance ní oṣù kẹta 2025. ExxonMobil náà ti ta ti ibi tí òkun ò ti jìn fún Seplat. Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ àlòkù rí mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ́ńjìnnì lè ṣì lágbára, àmọ́ owó mẹkáníìkì ò ní tán. Ó ti gòkè díẹ̀ láti ìgbà náà, ká má purọ́.

Bí àwọn kànga kéékèèké bá ń kú káàkiri ayé, èyí tó kù á máa kóra jọ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀, pàápàá ìhà Saudi Arabia, Iraq àti Iran, àti Rọ́ṣíà. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ á mi gbogbo ọjà. Nígbà tí Israel àti Iran kọjú ìjà síra wọn ní oṣù kẹfà 2025, owó epo fò sókè lójú ẹsẹ̀. Amẹ́ríkà ló ń wa epo jù lọ báyìí, àmọ́ inú òkúta tó le gan-an ni púpọ̀ nínú tiwọn ti ń wá. Bí wọn ò bá lu kànga tuntun, irú epo bẹ́ẹ̀ á fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ dín kù láàárín ọdún kan péré.

Ibo ló ti wá kan Ali Kazaure? Owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023. Láti ìgbà náà, iye tí agba epo bá jẹ́ lágbàáyé, àti iye tí dọ́là bá jẹ́ sí náírà, là ń san ní ilé epo. Lítà tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2024. Epo rọ̀bì yìí kan náà ló sì ń mú èyí tó pọ̀ jù wá nínú dọ́là tí orílẹ̀-èdè yìí ń rí. Agba tó dín, dọ́là ló dín, náírà á sì rọ. Ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote tó wà ní Ibeju-Lekki lè fọ 650,000 agba lójúmọ́, àmọ́ epo ilé ò tó o, ó ní láti ra ti Amẹ́ríkà kún un ní 2024.

Jos tún wá jìnnà. Ọ̀pá epo kan wà tó yẹ kó máa gbé e láti Kaduna wá sí Jos, kó kọjá lọ sí Gombe àti Maiduguri. Ilé iṣẹ́ ìfọpo Kaduna, tí wọ́n ṣí ní 1980, ò ṣiṣẹ́ gidi láti ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, táńkà ló ń gbé epo rìn láti etíkun, bíi ẹgbẹ̀rún kìlómítà, òun náà ń mu dísù lọ́nà. Orí lítà tí à ń rà ni gbogbo ẹ̀ ń já sí, ó sì tún ń padà wá nínú owó iṣu, owó tòmátì àti owó ọkọ̀. Àwọn ará wa tó ń gbé Bukuru níbi tí iná NESCO dé mọ ìyàtọ̀. Láti 1929 ni ilé iṣẹ́ yẹn ti wà, omi Kurra ni wọ́n fi ń ṣe iná fún àwọn awakùsà. Kuza relẹ̀, àwọn òyìnbó lọ, omi ṣì ń yí ẹ̀rọ.

Ó ku Kolmani, tí àwọn kan ń fi tù wá nínú. Ààlà Bauchi àti Gombe ló wà, kò jìnnà sí wa. Ààrẹ Buhari ló ṣí iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2022, wọ́n sì ní epo ibẹ̀ tó bílíọ̀nù kan agba. Tó bá pé bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé á jó o tán láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí Nàìjíríà bá sì ń fi ìwọ̀n tó ń wà báyìí wà á, kò ní pé ọdún méjì. Ìyẹn ò ní kó má wúlò. Àmọ́ ibẹ̀ jìnnà sí òkun. Ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín nípàdé ẹgbẹ́ pé kẹ́ ẹ dáwó ra ilẹ̀ nítorí epo Kolmani, ẹ kọ́kọ́ bi í: kànga mélòó ló ti ń ṣàn, agba mélòó lójúmọ́, ọ̀pá wo ló sì fẹ́ gbé e jáde?