Oòrùn Ọ̀gànjọ́: Ẹjọ́ Tíṣà Kan ní Ouagadougou

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ ní pàtàkì, ẹjọ́ kan ni mo bá pàdé ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, tí mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé wá síwájú yín. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ owó. Ẹjọ́ oòrùn ni. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan olùkọ́ kan pé ó ń purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, èmi àlejò ni wọ́n sì pè wá jẹ́rìí.

Ọ̀rẹ́ mi ni olùkọ́ náà. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Ouagadougou ni wọ́n bí i sí, nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ru ọjà lọ sí ilẹ̀ àwọn Mossi, nígbà tí a ṣì ń pe ibẹ̀ ní Upper Volta, kí wọ́n tó yí orúkọ náà padà ní 1984. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ó ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé àwọn ìlú kan ń bẹ ní òkè àríwá ayé, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú ọdún, tí ènìyàn sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì lálẹ́, kí ó máa wo oòrùn ní agogo méjìlá òru.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà délé, ó ro ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá yìí pẹ̀lú, Alhaji tí ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù nínú ìlú tí alùpùpù pọ̀ bí eṣú. Ó wá sílé olùkọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní, “Tíṣà, ìwọ fúnra rẹ, ṣé o ti rí i rí?”

Ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé, “Rárá, Alhaji. Inú ìwé ni mo ti kà á.”

Alhaji ní, “Èmi kì í ra ọjà tí n kò rí. Bí oòrùn kò bá wọ̀, nígbà wo ni àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ń kírun Màgàríbì? Nígbà wo ni aláàwẹ̀ ń ṣínu? Àbí Ọlọ́run gbàgbé wọn ni? Bí o kò bá lè là á yé mi, màá mú ọmọ mi kúrò ní ilé-ìwé náà, kí ó wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀rẹ́ mi púpọ̀, nítorí pé ọmọ náà mọ̀wé, ó sì wà lára àwọn tí ó ń béèrè ìbéèrè jù lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú mi lọ sí etí adágún omi ńlá tí wọ́n fi dáàmù sé ní àríwá ìlú náà. Àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń bomi rin ebè wọn létí omi, apẹja kan sì ń tu ọkọ̀ igi rẹ̀ bọ̀ wá sí èbúté. Oṣù kẹfà ni. Agogo mẹ́fà àbọ̀ kọjá díẹ̀ ni oòrùn rì. Ká tó sọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, ilẹ̀ ti ṣú, ìpè ìrun sì ti ń dún láti ìhà Tanghin lódìkejì omi. Mo wo ọkọ̀ apẹja yẹn, mo rántí ọkọ̀ mìíràn. Mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi, èmi ti rí i o.”

Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí ó fi fà mí dìde. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni a lọ sí ilé Alhaji. Iná ti lọ ní àdúgbò. Fìtílà kan ṣoṣo ni ó wà lórí tábìlì. A bá Alhaji, ọmọ rẹ̀, àti àfáà àgbà kan tí ó jẹ́ àlejò wọn. Wọ́n fún wa ní omi, wọ́n bi wá léèrè ilé, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí.

Mo sọ fún wọn pé nígbà tí mo wà lókè òkun tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan lo ìsinmi oṣù kẹfà láti rìn dé Tromsø, ìlú kan ní òkè pátápátá ilẹ̀ Nọ́wè. Bí a bá ń ka ìwọ̀n láti agbedeméjì ayé lọ sí àríwá, Ouagadougou wà ní ìwọ̀n 12, Tromsø sì wà ní ìwọ̀n 69 kọjá. Láti nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún títí di nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀.

Agogo mẹ́wàá alẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wa ṣí ní èbúté. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Àwa bí ọgbọ̀n ni a wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo wọ̀ lé ara wọn, síbẹ̀ òtútù ń gé mi létí. Yìnyín ṣì wà lórí àwọn òkè lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ náà gba àárín òkè jáde sí ibi tí omi ti là sílẹ̀ síhà àríwá, ibẹ̀ ni oòrùn sì wà. Kò sí ní ìwọ̀-oòrùn tí èmi mọ̀ ọ́n sí. Àríwá ni ó wà, ó sì ń rọra rìn lórí omi láti ọwọ́ òsì wa lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn sórí òkun bí epo pupa tí a dà sínú àwo. Apẹja kan ń fa okùn ẹja rẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré bí ẹni pé ọ̀sán gangan ni. Ọmọ kékeré kan sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n fi fìlà bo ojú rẹ̀ kí ó lè rí òkùnkùn díẹ̀ lò.

Nígbà tí agogo méjìlá lù, atukọ̀ pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Mo ń retí pé oòrùn yóò rì, nítorí pé láti ìgbà tí a ti bí mi, n kò rí oòrùn tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò rì. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan omi. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo kan lù ni ó rẹlẹ̀ jù, nítorí pé ènìyàn ni ó ń fi òfin yí agogo, oòrùn kò sì sí lábẹ́ òfin náà. Lẹ́yìn èyí ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ń là láìjẹ́ pé ó wọ̀. N kò mọ ìgbà tí àná parí, n kò sì mọ ìgbà tí òní bẹ̀rẹ̀. Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Òru mẹ́ta ni n kò fi rí oorun sùn dáadáa nílùú náà, bí aṣọ fèrèsé wọn tilẹ̀ nípọn.

Obìnrin ìlú náà kan tí ó jókòó tì mí rí bí ẹnu ti yà mí. Ó ní kí n má ṣe jowú àwọn, nítorí pé gbèsè ni ìmọ́lẹ̀ yìí. Láti apá ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìn-ín-ní, oòrùn kì í yọjú sí wọn rárá. Nígbà tí ó bá padà, ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní, wọ́n ń ṣe ọjọ́ náà bí ọdún, àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì máa jẹ àkàrà òyìnbó dídùn tí wọ́n ń dín fún ọjọ́ oòrùn náà.

Alhaji gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ni ọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi wá yọ ìwé kan tí ó mú lọ́wọ́ wá láti ilé. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ ọ́. Tété-Michel Kpomassie ni, ọmọ ilẹ̀ Tógò tí a bí ní 1941. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó bá ejò pàdé lórí igi àgbọn, ó sì já bọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn abọrẹ̀ ejò fún ìwòsàn, wọ́n sì fẹ́ kí ó di ọ̀kan nínú wọn. Lákòókò náà ni ó rí ìwé kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa Gírínílándì, ilẹ̀ yìnyín tí kò ní ejò, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó sá kúrò nílé. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni ó fi ń ṣiṣẹ́ tí ó sì ń rìn láti ìlú dé ìlú, ní Áfíríkà àti ní Yúróòpù, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e gúnlẹ̀ ní Gírínílándì ní 1965. Ó rìn dé Upernavik, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í sì í là nígbà òtútù. Ní 1981 ni ó tẹ ìtàn ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní èdè Faransé.

Alhaji gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú fìtílà. Ó ní, “Ará ilé wa nìyí. Ẹlẹ́rìí di méjì. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀?”

Ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí. Mo tọrọ ọsàn kan àti igi tí wọ́n fi ń gún ẹran sùúyà. Mo ki igi náà bọ inú ọsàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi yíǹkì tọ́ àmì méjì sí i, ọ̀kan nítòsí orí fún Tromsø, èkejì sókè àárín díẹ̀ fún Ouagadougou. Mo gbé e fún ọmọ náà kí ó dúró níwájú fìtílà. Mo ní ayé kì í dúró ṣánṣán, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n 23 àti ààbọ̀. Nítorí náà kí ó fi orí igi náà tì síhà fìtílà, kí ó sì máa yí i. Àmì Ouagadougou wọ inú òkùnkùn, ó sì jáde. Àmì Tromsø yí po, ṣùgbọ́n inú ìmọ́lẹ̀ ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ náà pariwo, “Bàbá, kò wọ̀! Ẹ wò ó, kò wọ̀!” Mo ní kí ó gbé ọsàn náà yí fìtílà ká dé òdìkejì, láìyí ibi tí orí igi náà kọ sí padà. Nígbà náà ni àmì Tromsø wọ inú òkùnkùn, bí ọmọ náà sì ti ń yí i tó, kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni àfáà àgbà, tí kò tíì sọ̀rọ̀, la ẹnu rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì ti béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gùn tó ọdún. Wọ́n béèrè bóyá ìrun ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò tó fún un. Ànábì ní rárá, kí wọ́n máa díwọ̀n àkókò. Orí èyí ni àwọn onímọ̀ dúró lé fún àwọn tí ó ń gbé ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: àwọn kan ní kí wọ́n máa tẹ̀lé àkókò Mẹ́kà, àwọn mìíràn ní kí wọ́n tẹ̀lé ìlú tí ó súnmọ́ wọn jù tí oòrùn ti ń wọ̀. Àfáà ní, “Alhaji, Ọlọ́run kò gbàgbé wọn.”

Alhaji dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni ó sọ. Ó ní, “Ó yé mi. Àwa ń gba tiwa lójoojúmọ́. Àwọn ń kó tiwọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni kó àjọ.”

N kò lè là á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ouagadougou, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù lọ́dún kò ju nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ro wákàtí ojú ọ̀sán gbogbo ọdún pọ̀, ti Tromsø àti ti Ouagadougou fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí ìlú tí a rẹ́ jẹ. Bí a ṣe pín in ni ó yàtọ̀.

Ọmọ náà padà sí ilé-ìwé ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ọsàn àti igi sùúyà nínú àpò rẹ̀, láti lọ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò ní fi òwe yìí bá Alhaji wí, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Fún ìgbà pípẹ́ ni àlejò fi ń kọ̀wé nípa wa, tí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ wa kọ́ ọ sórí, kí wọ́n kà á bó ti wà, kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tí ó ti gba òmìnira kò gbọdọ̀ tọ́ ọmọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ tàbí òbí bá bi yín pé, “Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?”, ẹ má ṣe kà á sí àfojúdi. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò rí owó dé Tromsø, ṣùgbọ́n ọsàn kan kò wọ́n jù fún kíláàsì wa.