Ẹ Fún Ọmọ Náà Láyè Lórí Yìnyín

Góòlù 13 péré ni Jarome Iginla gbá wọlé fún Calgary Flames ní sáà 1997 sí 1998. Ọmọ ọdún 20 ni. Ní sáà tó ṣáájú, ó ti gbá 21 wọlé, ẹnì kan ṣoṣo ló sì borí rẹ̀ nínú ìdìbò àmì-ẹ̀yẹ Calder, èyí tí NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín, máa ń fún ọ̀dọ́ tuntun tó bá ta yọ jù lọ. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn, èèyàn á máa retí 30 lọ́dún kejì. Ó wá já wálẹ̀ sí 13.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ lẹ́yìn ìyẹn: 28, 29, 31, ó wá di 52. Ní sáà 2001 sí 2002 tó gbá 52 yẹn wọlé, kò sẹ́ni tó bá a dé ibẹ̀ nínú gbogbo líìgì. Lóṣù kejì ọdún 2002 kan náà, ó bá Kánádà gba wúrà ní Salt Lake City, òun sì ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Kó tó fẹ̀yìn tì ní 2018, ó ti gbá góòlù 625 wọlé. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Kánádà, Adékúnlé sì wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. St. Albert, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Edmonton, ló dàgbà sí. Àwa Yorùbá tó wà ní Calgary kì í pè é ní Iginla lásán. Ọmọ wa là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí họ́kì orí yìnyín rí kí a tó kó wá síbí.

Iṣẹ́ mi ni wíwa ẹ̀rọ tó ń tún yìnyín ṣe ní pápá kan níhà ìlà-oòrùn ìlú yìí. Bí àwọn ọmọ bá ti fi bàtà onírin ya ojú yìnyín yánnayànna, èmi á gbé ẹ̀rọ wọlé. Abẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó gùn tó èèyàn, òun ló ń fá ojú yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Aṣọ ńlá kan tó ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn á wá fi omi gbígbóná pa ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi gbígbóná ni o. Ó ní láti yọ́ ti àtijọ́ díẹ̀ kí tuntun tó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ á ti tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fi ọ̀pá gbá ògiri, pàápàá àwọn kéékèèké. Mi ò ní ṣílẹ̀kùn. Kó gan ná.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òbí. Bàbá kan, ọmọ Ẹ̀gbá, wá bá mi nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ korò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yan àwọn ọmọ fún líìgì àwọn ọ̀dọ́. Wọn ò pe tèmi. Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?” Ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ń yàn fún líìgì ọ̀hún níhà ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ọdún 15! Ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, tí ohùn rẹ̀ ṣì ń já. Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí.

Báyìí ni ètò yẹn ṣe rí lókè. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú NHL máa ń jókòó yan àwọn ọmọ ọdún 18, nípele méje. Ẹgbẹ́ tó yan ọmọ kan ló ní ẹ̀tọ́ láti bá a tọwọ́ bọ̀wé. Ṣùgbọ́n pé wọ́n yàn án kò túmọ̀ sí pé ó ti ṣe tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á padà síbi tí wọ́n ti wá: líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà, yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tàbí líìgì àwọn àgbà ní Sweden, Finland àti Russia. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ lè lọ sí AHL, líìgì tó wà nísàlẹ̀ NHL, níbi tí ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ti ń tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó máa kọlu ọmọ ọdún 18 nínú NHL lè jẹ́ géńdé ọdún 30 tó wọ̀n ju 95 kìlógíráàmù lọ, tó ń sáré bọ̀ lórí irin. Ara ọmọ kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Ti ara ṣì kéré síbẹ̀. Orí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Gbogbo ohun tó máa ń rí àyè ṣe láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó gba rọ́bà tí wọ́n ń gbá, kó gbójú sókè, kó yan ẹni tó máa gbé e fún, ìdajì àsìkò yẹn ni wọ́n á fún un lókè. Tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò bá fọkàn tán an, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lálẹ́ kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Níbi tó ti wá, á máa gbá ju ìṣẹ́jú ogún lọ, wọ́n á sì gbé e wọlé nígbà tí góòlù bá ṣòro. Kò sí ọmọ tí ń kọ́ họ́kì lórí bẹ́ǹṣì.

Àwọn tó tọ́jú Iginla ṣe èyí dáadáa. Dallas ló yàn án ní 1995, òun ni ẹnì kọkànlá tí wọ́n pè, ní Edmonton tí wọ́n bí i sí gan-an. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn, Dallas fi í gba Joe Nieuwendyk lọ́wọ́ Calgary. Nieuwendyk kì í ṣe ẹran rírọ̀ o. Ó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gba ọmọ ọdún 18, ọkàn rẹ̀ á máa fẹ́ gbé ọmọ ọ̀hún jáde kí ayé rí i. Calgary fi í sílẹ̀ ní Kamloops, nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́. Ó gbá góòlù 63 wọlé níbẹ̀ ní sáà náà, láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀. Ìgbà tí sáà Kamloops parí ni wọ́n tó pè é, lóṣù kẹrin 1996, fún ìdíje ife ẹ̀yẹ Stanley tó máa ń tẹ̀lé sáà, pẹ̀lú Chicago.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọdún góòlù 13 dé. Ẹgbẹ́ náà sì ń pàdánù. Sáà méje ni Calgary kò fi rí ìdíje ife ẹ̀yẹ Stanley wọ̀, láti 1997 dé 2003. Nígbà tí ilé bá ń jó báyẹn, ọmọ tó bá fà sẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà. Wọn ò tà á. Wọ́n jẹ́ kó máa gbá.

Ẹlòmíràn wà nínú yàrá ìmúra kan náà tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Martin St. Louis ni orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yàn án rárá, nínú ìpele kankan. Ó kúrú, wọ́n ní ó kéré jù. Ó parí yunifásítì ní Vermont, Calgary wá mú un ní 1998, wọ́n ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ńlá àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó wà ní Saint John. Ìdíje 69 ló gbá fún Calgary, góòlù mẹ́rin ló gbá wọlé. Ní sáà 1999 sí 2000, nígbà tí Iginla gbá 29, mẹ́ta ni tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2000, wọ́n jẹ́ kó lọ. Ọmọ ọdún 25 ni. Tampa Bay ló gbà á sílé.

Ní sáà 2003 sí 2004, ọkùnrin tó kéré jù yìí ló ní àmì (góòlù pẹ̀lú ìrànwọ́) tó pọ̀ jù nínú gbogbo NHL, 94, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Hart, ti ẹni tó wúlò jù lọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ wo ló wá bá Tampa Bay pàdé nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Stanley? Calgary ni.

Ẹni tó bá gbé ìlú yìí lọ́dún náà kò nílò kí n sọ fún un. Títì pupa látòkè délẹ̀. Calgary ti borí ní ìgbà mẹ́ta, Tampa Bay méjì, ìgbà mẹ́rin lẹgbẹ́ nílò láti gba ife. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2004 ni ìdíje kẹfà, ní Saddledome, nílé wa. Ó di ọ̀mì. Wọ́n fi àsìkò kún un, ó ṣì jẹ́ ọ̀mì. Wọ́n fi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìṣẹ́jú-àáyá 33 péré ló lọ tí St. Louis gbá rọ́bà náà sáwọ̀n. Ní ìdíje keje, Tampa Bay gba ife. Calgary kò tíì padà dé àṣekágbá títí dòní.

Ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n Calgary lálẹ́ ọjọ́ náà, Miikka Kiprusoff, tún ni ìtàn tirẹ̀. Ọdún 1995 tí wọ́n yan Iginla ni San Jose yan òun náà, ipò 116. Ó gbá ní Finland, ó gbá ní Sweden, ó gbá nínú AHL. Nígbà tó dé San Jose, ó di ẹnì kẹta láàárín àwọn aṣọ́lé. Lóṣù kọkànlá 2003, Calgary lọ mú un, ọmọ ọdún 27 ni. Ní 2006, wọ́n fún un ní Vezina, àmì-ẹ̀yẹ aṣọ́lé tó dáa jù. Àwọn aṣọ́lé ló máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó gbó. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ aṣọ́lé, tó sì ń bínú ní ọdún 19, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ gidigidi.

Ẹ wò ó, àwọn mẹ́ta tó dúró lórí yìnyín lálẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n yàn ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fara dà fún. Èyí tí wọ́n tì sẹ́yìn fún ọdún mẹ́jọ. Àti èyí tí kò sẹ́ni tó ní sùúrù fún, àfi ara rẹ̀. Ibi tó ń dùn mí nìyí: ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti ga la máa ń ní sùúrù fún jù. Ọmọ tó bá wá láti ìsàlẹ̀, ìdíje mẹ́wàá la máa ń fún un, a ó ní ó ti hàn pé kò lè ṣe é.

Owó wà nínú ìkánjú yìí. Láti 2005 ni NHL ti fi ààlà sí iye tí ẹgbẹ́ kan lè san fún gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ ọmọ ọdún 18 sì jẹ́ ọdún mẹ́ta, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọmọ tó bá lè gbá dáadáa nígbà tí owó rẹ̀ ṣì kéré, èrè ńlá ni fún ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e jáde kó tó jinná. Òfin kan wà tó ń dá wọn dúró díẹ̀: bí ọmọ ọdún 18 tàbí 19 kò bá gbá tó ìdíje mẹ́wàá nínú NHL, ọdún yẹn kò ní jẹ nínú àdéhùn rẹ̀. Ẹ ó rí i tí ọmọ á gbá mẹ́sàn-án, tí wọ́n á dá a padà, tí àwọn èèyàn á máa sọ pé ó ti kùnà. Kò kùnà rárá. Ìwé ni wọ́n ń ṣọ́.

Detroit kò fi bẹ́ẹ̀ kánjú nígbà ayé wọn tó dùn. Wọ́n yan Pavel Datsyuk ní ipò 171 ní 1998, wọ́n fi í sílẹ̀ ní Russia títí di 2001. Wọ́n yan Henrik Zetterberg ní ipò 210 ní 1999, ó wà ní Sweden títí di 2002. Àwọn méjèèjì ló wà nídìí ife tí wọ́n gbà ní 2008.

Bàbá ọmọ Ẹ̀gbá yẹn wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí ó máa dúró sísàlẹ̀ ni sùúrù wá jẹ́?” Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ míì wà tó jẹ́ pé òkè ló ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ní 2022, Montreal yan Juraj Slafkovský, ọmọ Slovakia, ṣáájú gbogbo èèyàn. Wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdíje 39, góòlù mẹ́rin, orúnkún rẹ̀ sì fara pa, sáà parí fún un. Nígbà tí sáà kejì bẹ̀rẹ̀ tí góòlù kò tún wọlé, ariwo ta ní Montreal pé kí wọ́n rán an lọ sí Laval, níbi tí ẹgbẹ́ wọn inú AHL wà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò gbà. Ó ń rí nǹkan tí kò sí nínú ìwé ìṣirò: bí ọmọ náà ṣe ń fi ara ńlá rẹ̀ dáàbò bo rọ́bà, bó ṣe ń tètè rí ẹni tó máa gbé e fún. Ó tún gbé e ga sí i, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nick Suzuki àti Cole Caufield, àwọn tó dáa jù nínú ẹgbẹ́. Slafkovský parí sáà yẹn pẹ̀lú góòlù 20, kò pa ìdíje kankan jẹ nínú 82. Nígbà tó di oṣù keje 2024, Montreal bá a tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́jọ.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ni Martin St. Louis.