Èènì, Ẹ̀dínwó àti Owó Ọjà: Ohun tí Ó Yẹ kí Olúkúlùkù Mọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni owó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ onílé lójú ọjà láìfura. Ẹni tí ó bá mọ ọjà á rà yóò rí i pé ohun tí ó ṣẹ́kù nínú owó oúnjẹ lè di owó ìwé fún ọmọ tàbí owó oògùn ní ọjọ́ àìsàn.

Láti ìgbà láéláé ni èènì ti jẹ́ àṣà ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Bí olùtajà bá wọn gàrí tán, yóò tún bù díẹ̀ lé e. Èyí kì í ṣe gbèsè tí ó jẹ oníbàárà. Ọ̀nà tí ó fi ń pè é padà ni. Nítorí náà, ẹni tí ó ń rajà lọ́wọ́ ẹnì kan náà nígbà gbogbo ni èènì rẹ̀ máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n kí olùrajà kọ́kọ́ wo ìdí kóńgò ná. Kóńgò tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú lè gbà ju ohun tí èènì yóò dá padà lọ.

Ó tún yẹ kí a béèrè iye ọjà ní ìsọ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, kí a tó yọ owó. Ká ní olùtajà kan pe kóńgò ẹ̀wà ní 2,000 náírà, tí ẹlòmíràn sì pè é ní 1,800. Kò sí àbùkù nínú kí a padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, kí a wí fún un pé: “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní 1,800 lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ ó gbà bẹ́ẹ̀?” Ọ̀pọ̀ olùtajà ni yóò gbà ju kí oníbàárà lọ. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀wà kan náà àti kóńgò kan náà ni kí a fi wé ara wọn.

Ní ti àwọn ilé ìtajà ńlá, bí wọ́n bá ní kí a ra mẹ́rin kí a gba ẹ̀karùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀dínwó náà jẹ́ 20 náírà nínú 100. Èrè ni èyí fún ẹni tí ó nílò márùn-ún. Ẹni tí ó nílò ẹyọ kan ṣoṣo ti ná ìlọ́po mẹ́rin owó rẹ̀. Kí a sì yẹ ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ wò lára páálí, nítorí ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ni wọ́n sábà máa ń dín owó rẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn olùrajà pẹ̀lú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò àwọn oníbàárà pàṣẹ pé kí a fi iye owó ọjà hàn gbangba. Olùtajà kò gbọdọ̀ gbà ju iye tí ó fi hàn lọ. Bí iye méjì bá sì wà lára ọjà kan lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó kéré ni oníbàárà yóò san. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ka rìsíìtì rẹ̀ kí ó tó kúrò níbi owó, kí ó sì tọ́jú rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò márùn-ún tún lè da owó pọ̀ ra àpò ìrẹsì kan tí ó jẹ́ 50 kìlógíráàmù, kí olúkúlùkù mú 10. Owó àpò sábà máa ń dín sí ti kóńgò.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí onílé kọ ohun tí ó nílò sílẹ̀ kí ó tó jáde, nítorí ohun tí a kò nílò, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó, owó rẹ̀ ti wọ́n jù.