Ère Òkúta Tó Ń Rìn

Ẹ sún mọ́ ọ̀dọ̀ mi níbí, kí èéfín má baà máa wọ̀ yín lójú. Àlọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa lálẹ́ òní o. Kò sí Ìjàpá nínú rẹ̀, kò sí Yánníbo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, ní Ajẹntínà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé òkúta ò lẹ́sẹ̀. Ó dáa. Obìnrin kan gbẹ́ òkúta lére níbẹ̀, àwọn ère náà ò sì gbélé. Díẹ̀ ló dúró síbi tó gbé wọn kalẹ̀ sí.

Lola Mora lorúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1866 ni wọ́n bí i, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ará Tucumán ní ọmọ àwọn ni. Àwọn ará Salta ní irọ́ ni, àwọn ló ni ín. Lọ́dún 1885, ìyá rẹ̀ kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó ṣú, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Àwòrán ló kọ́kọ́ ń yà. Ó mú èédú, irú èyí tó wà nínú ààrò yìí gan-an, ó fi ya ojú ogún nínú àwọn tó ti ṣe gómìnà Tucumán. Nígbà tó pàtẹ wọn lọ́dún 1894, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ra gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ fún un lówó ẹ̀kọ́, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù lọ́dún 1897. Ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ Giulio Monteverde, àgbà agbẹ́re. Bàbá yẹn wo ọwọ́ ọmọ náà, ó ní kó fi àwòrán sílẹ̀, kó gbé òòlù.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi mọ ère, torí amọ̀ máa ń dárí ji ni: bí imú bá wọ́, ẹ ó tún un mọ. Ṣùgbọ́n òkúta mábù ti Carrara tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú yẹn, bí irin bá ṣì í gé pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn.

Inú òkúta yìí ló ti yọ ìsun omi tó sọ ọ́ di ẹni àmúsọ̀rọ̀. Ní Róòmù ló ti gbẹ́ ẹ, ó kó o sínú ọkọ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí dé Buenos Aires, ó wá ń tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin alágbára ń di ẹṣin tó ń ta mú, lókè wọn, àwọn ọmọbìnrin òkun méjì ta ẹ̀yìn kọ́rọ́, wọ́n gbé ìkarahun ńlá sókè, Venus sì jókòó sórí ìkarahun náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Obìnrin tó ṣe gbogbo èyí rèé lórí àkàbà, nínú ṣòkòtò, tí ẹfun òkúta bo gbogbo ara rẹ̀. Nígbà náà lọ́hùn-ún, obìnrin nínú ṣòkòtò! Àwọn mìíràn ń wá wò ó ju bí wọ́n ṣe ń wo ère lọ.

Wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ gbé ìsun omi náà sí Plaza de Mayo, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì àgbà. Ariwo ta: ère oníhòòhò, níwájú ilé Ọlọ́run? Èmi ò mọ ẹni tó ti rí ọmọ òkun tó wọ bùbá rí, ṣùgbọ́n wọ́n yí ibẹ̀ padà. Òpópónà Paseo de Julio ni wọ́n ti ṣí i, ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ọdún 1903. Ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́dún 1918, wọ́n tún tú u palẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Costanera Sur létí odò. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Àwọn tó gbẹ́ fún ilé aṣòfin ńkọ́? Òmìnira, Ìdájọ́, Àlàáfíà, Iṣẹ́, Òwò, pẹ̀lú kìnnìún méjì. Ààrẹ Roca tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ti kúrò lórí àga nígbà tó yá, àwọn aṣòfin wá ń ní ère náà ò dùn ún wò. Wọ́n yọ wọ́n. Níbo ni wọ́n bá ara wọn? Ní Jujuy, lẹ́bàá òkè, ibi tó jìnnà sí Buenos Aires ju kìlómítà 1,400 lọ! Mora fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó sì bójú tó bí wọ́n ṣe gbé wọn nàró.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìlú Rosario. Wọ́n gbéṣẹ́ ère àsíá orílẹ̀-èdè fún un lọ́dún 1909. Ó gbẹ́ ẹ, ẹrù náà sì dé. Lọ́dún 1925, ìjọba fagi lé àdéhùn. Ó lé ní àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó rí ojúkò gidi fún àwọn ère náà lójú ọ̀nà Pasaje Juramento, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère àsíá tí àwọn ẹlòmíì ti kọ́.

Ó fẹ́ ọkọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ká. Ó wá gba Salta lọ, ó ń wá epo rọ̀bì nínú òkúta. Òkúta náà ni ṣá! Owó rẹ̀ wọlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí àìsàn ti dé ni ìjọba wá rántí owó oṣooṣù fún un. Ó kú ní Buenos Aires ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, ọdún 1936. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́jú rẹ̀ dáná sun lẹ́tà àti ìwé rẹ̀.

Kí lo ní, Àkànbí? Ǹjẹ́ àwọn ti ilé aṣòfin padà? Lọ́dún 2014, wọ́n ṣe irú wọn, wọ́n gbé e síwájú ilé aṣòfin. Òjúlówó ṣì wà ní Jujuy. Ó ya, yí àgbàdo yẹn padà, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń jó.