ÌDÍYELÉ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ ÀTI Ẹ̀TỌ́ ẸNI TÍ Ó TỌ́ Ọ DÀGBÀ: ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀRÍYÀNJIYÀN KAN LÁÀRIN ÀWỌN OLÓLÙFẸ́ BỌ́Ọ̀LÙ

1. Ìfáárà

Àríyànjiyàn lórí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìdí àtẹ àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn, ní ilé ìwòran tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó kí wọ́n tó wo ìdíje ilẹ̀ Òyìnbó, àti ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù kì í tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà àríyànjiyàn kan wà tí ó yàtọ̀ sí èyí. Nínú rẹ̀, kì í ṣe góòlù ni wọ́n ń kà bí kò ṣe owó. Èló ni lámọ̀rín tó? Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n rẹ́ jẹ nígbà tí wọ́n rà á? Kí ni ẹni tí ó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù ní Mushin tàbí ní Ajégúnlẹ̀ rí gbà níbẹ̀?

Bí ìbéèrè méjì tí ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ń jiyàn ṣe máa ń mú ọ̀rọ̀ iye owó àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú èwe. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè kan náà ni. Àpẹẹrẹ tí ó gbára lé jù ni ti Victor Osimhen, nítorí pé Èkó ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti nítorí pé àríyànjiyàn lórí iye owó rẹ̀ ti kúrò ní ti ìdí àtẹ ìwé ìròyìn, ó ti dé iwájú àwọn onídàájọ́.

2. Iye tí wọ́n pè é, iye tí wọ́n ná an, iye tí wọ́n rà á

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìjà ẹnu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí wáyé bí àwọn tí ń jiyàn bá lo ọgbọ́n tí wọ́n ń lò ní ọjà Gbági. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra aṣọ rí mọ̀ pé iye mẹ́ta ni ọjà kan ṣoṣo ní. Èkínní ni iye tí ọlọ́jà pè é. Èkejì ni iye tí oníbàárà ná an. Ẹ̀kẹta ni iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, tí owó sì ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀kẹrin kan tún wà tí kì í ṣe ti ọlọ́jà, tí kì í sì í ṣe ti oníbàárà, èyí ni ìdíyelé: iye tí ẹni tí kò rà, tí kò sì tà, rò pé ó yẹ kí ọjà náà jẹ́.

Ìdíyelé ni iṣẹ́ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé-iṣẹ́ Transfermarkt, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 2000, ni àwọn oníròyìn kárí ayé máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ iye tí agbábọ́ọ̀lù kan tó; orí àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì ni ilé-iṣẹ́ náà gbé ìdíyelé rẹ̀ kà. Àwọn tí kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń bá olówó díye lé ọjà.

Ohun tí wọ́n ń wò kò pọ̀: ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù, ipò tí ó ń gbá lórí pápá, líìgì tí ó ti ń gbá a, ọdún tí ó ṣẹ́kù nínú àdéhùn rẹ̀, iye ẹgbẹ́ tí ó ń wá a, àti bí ọwọ́ ẹni tí ó ń tà á ṣe há tó. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó jókòó sí Ìbàdàn lè rí. Inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni méjì tí ó kẹ́yìn wà, ibẹ̀ gan-an sì ni iye tí wọ́n rà á ti sábà máa ń ya kúrò lára ìdíyelé. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù dáadáa fi lè ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ owó rẹ̀.

3. Kí ni wọ́n ń tà gan-an?

Èdè àríyànjiyàn náà ní ìṣòro tirẹ̀. ‘Wọ́n ti ta Osimhen’, ‘Galatasaray ti rà á’: bí ẹni pé ènìyàn ni wọ́n pàtẹ. Etí ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ pé wọ́n ta ènìyàn kí ó má rántí òwò ẹrú. Àwọn tí ń gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ tí agbábọ́ọ̀lù wà lọ́dọ̀ rẹ̀ a tilẹ̀ máa pa á lówe pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù.

Nígbà kan rí, òwe náà kò jìnnà púpọ̀ sí òtítọ́. Àdéhùn Jean-Marc Bosman pẹ̀lú ẹgbẹ́ RFC Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù parí ní ọdún 1990. Ó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Dunkerque ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó tí Liège ń béèrè lórí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àdéhùn kankan láàrin wọn mọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá ọdún 1995, ilé-ẹjọ́ gíga ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ dájọ́ pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè owó bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ orílẹ̀-èdè wọn tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, tí ó sì fẹ́ kọjá sí òmíràn nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà. Láti ìgbà yìí, ó di mímọ̀ fún gbogbo ayé pé ọdún tí ó ṣẹ́kù nínú àdéhùn ni wọ́n ń tà.

Nítorí náà, bí àfiwé bá pọn dandan, ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù sún mọ́ ti ìwọ̀fà ju ti ẹrú lọ. Ọmọ bíbí ilé ni ìwọ̀fà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni olówó ń jẹ, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ owó náà bá sì parí, ó ń padà sílé baba rẹ̀. (Àfiwé náà kò pé, nítorí pé ìwọ̀fà kì í gba owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù agbábọ́ọ̀lù ńlá ju ti gómìnà lọ.) Ẹni tí ó bá mú èyí lọ́kàn yóò mọ ìdí tí agbábọ́ọ̀lù tí ó ku ọdún kan nínú àdéhùn rẹ̀ fi ń di ọ̀pọ̀ lójijì, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ mú ju ti àná lọ.

4. Iye Osimhen

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni wọ́n bí Osimhen ní Èkó. Agbègbè Olúṣósùn ni ó ti dàgbà, ó sì kiri ọjà ní ojú títì kí akádẹ́mì Ultimate Strikers tó gbà á. Ní ọdún 2015, ní ìdíje àgbáyé tí àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ gbá ní Ṣílè, góòlù mẹ́wàá ni ó jẹ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ rí nínú ìdíje náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Nàìjíríà sì gba ife náà ní ìgbà karùn-ún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó pé ọdún 18, ó lọ sí Wolfsburg ní Jámánì. Kò jẹ góòlù kan nínú líìgì níbẹ̀.

Ní àkókò yìí, ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ láti sọ pé ó ti parí. Macauley Chrisantus ni wọ́n fi ń ṣe àkàwé. Òun náà ni ó jẹ góòlù jù nínú irú ìdíje yìí ní ọdún 2007, nígbà tí Nàìjíríà gba ife ní Kòríà. Jámánì ni òun náà lọ, sọ́dọ̀ Hamburg, kò sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí ti èkínní fi yàtọ̀ sí ti èkejì, ‘orí’ ni ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu. Ìdáhùn náà kò ṣe é já ní koro, ṣùgbọ́n ó ń bo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2018, Wolfsburg yá Charleroi ní Bẹ́ljíọ̀mù ní Osimhen. Ẹgbẹ́ kékeré ni Charleroi, ó ní àyè fún un lórí pápá, ó sì jẹ ogún góòlù. Charleroi wá rà á pátápátá, ó sì tà á fún Lille ní ọdún 2019 ní iye tí ó ju ìlọ́po méjì ohun tí ó san lọ. Ẹ̀bùn tí ó gbé lọ sí Wolfsburg kò yàtọ̀ sí èyí tí ó gbé lọ sí Charleroi. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ọdún 2020, Napoli rà á lọ́wọ́ Lille ní nǹkan bíi 70 mílíọ̀nù owó Yúróò. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni owó. Napoli fi agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin sí i, asólé kan àti ọ̀dọ́ mẹ́ta, tí wọ́n díye lé ní nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù lápapọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ní Ítálì pe Napoli àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lẹ́jọ́ pé wọ́n ń bu iye agbábọ́ọ̀lù pọ̀ nínú ìwé ìṣirò wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ náà dá gbogbo wọn láre, wọ́n ní kò sí ọ̀nà kan pàtó tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ènìyàn lè fi mọ iye tí agbábọ́ọ̀lù tó ní tòótọ́. Ìdájọ́ yìí tọ́ sí àkíyèsí gidigidi. Ohun tí àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn oníbàárà wọn ti ń jà lé lórí, àwọn agbẹjọ́rò àti onídàájọ́ náà kò rí òṣùwọ̀n fún un.

Ìyókù ìtàn náà fi iye mẹ́ta ti ọjà hàn kedere. Ní sáà 2022 sí 2023, Osimhen jẹ góòlù 26, òun ni ó jẹ góòlù jù ní líìgì Ítálì, Napoli sì gba ife líìgì tí wọn kò gbà láti ọdún 1990. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà, ó sì tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun tí ìròyìn sọ pé ó pè é ní nǹkan bíi 130 mílíọ̀nù Yúróò. Kò sí ẹni tí ó san án. Ní ọdún 2024, wọ́n yá Galatasaray ní Tọ́kì. Ní ọdún 2025, Galatasaray rà á ní 75 mílíọ̀nù. Àwọn tí ó ń fi 130 jà àti àwọn tí ó ń fi 75 jà, ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

5. Ìpín ẹni tí ó kọ́ ọ

Nínú iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó ń sanwó fún ọ̀gá rẹ̀, tí ó sì ń ṣe fíríìdọ̀mù bí ó bá parí. Ìlànà tí FIFA gbé kalẹ̀ ní ọdún 2001 yí èyí po: ọ̀gá tuntun ni yóò san fún àwọn ọ̀gá àtijọ́. Bí agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí bá ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, wọn yóò yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ó tọ́ ọ láti ìgbà tí ó ti di ọmọ ọdún 12 títí di 23. Ìpín ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 jẹ́ ìlàjì ìpín ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀ lé e.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ni, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá Yúróò ni wọ́n fi ra ẹnìkan. Ìdá márùn-ún náà jẹ́ 500,000. Akádẹ́mì tí ó tọ́jú rẹ̀ láti ọdún 12 sí 15 ní 100,000 níbẹ̀. Bí ó bá tún tọ́jú rẹ̀ ní ọdún 16 àti 17, ó ní 100,000 mìíràn. Owó yìí tó láti tẹ́ pápá, kí ó sì bọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì tún tà á ni wọ́n yóò tún pín in. Níbi yìí ni ìbéèrè méjèèjì ti pàdé: bí ìdíyelé bá lọ sókè ní Naples, ó yẹ kí ó kan ẹni tí ó ra bàtà fún ọmọ náà ní Èkó.

‘Ó yẹ’ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. FIFA kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìnáwó ìgbà èwe ọmọ Nàìjíríà, Nàìjíríà ni ó wà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè mọ̀, tí orúkọ ọmọ náà wà nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún tí ó gbà á, nìkan ni òfin ń wò. Ẹni tí ó kó ọmọ ogójì jọ sí pápá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́, tí kò forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò ní nǹkan kan láti béèrè, bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún dá kún un. Nígbà tí ó jẹ́ pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni iye ń lọ sílẹ̀, kò ṣòro láti mọ ìdí tí àwọn kan fi ń dín ọjọ́ orí ọmọ kù. Ní ọdún 2009, ní ìdíje tí Nàìjíríà gbà lálejò, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wò. Àwọn tí ń jiyàn ka èyí sí ọ̀rọ̀ ìtìjú orílẹ̀-èdè, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ka àdánù tí ó tẹ̀ lé e: bí ọdún tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá yàtọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, àwọn ọdún ìtọ́jú náà kò ní ṣe é kà, ìpín wọn yóò sì dàrú.

Tẹ́lẹ̀ rí, akádẹ́mì fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́ pé wọ́n ti ra ọmọ rẹ̀, kí ó sì kọ̀wé béèrè. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, FIFA ti dá ilé ìsanwó kan sílẹ̀ tí yóò máa gba owó náà, tí yóò sì máa pín in. Ìwé ìrìnnà agbábọ́ọ̀lù, tí ẹ̀rọ ń kó jọ láti inú ìforúkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ni ilé ìsanwó náà ń tẹ̀ lé. Ọdún tí kò bá sí nínú ìwé náà, wọn kò ní sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò bá lè fi ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ hàn.